Kámẹ́rà Tó Ń Kí Àgbà

Nígbà tí láìnì tẹlifóònù wa pé oṣù méjì tó ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò wá tún un ṣe, mo sọ fún ọ̀gá wa pé bí a kò bá wá nǹkan ṣe, orí mi máa dàrú. N kò fi ṣe àwàdà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ọ́fíìsì tí àwọn ará Ìlá ti máa ń bá àwọn èèyàn wọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí ọ́fíìsì yẹn wà fún. Láìnì ti kú, ṣùgbọ́n tẹlifóònù wà lórí tábìlì, káùńtà wà níbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn káùńtà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, à ń wo ara wa.

Ọ̀gá wa kì í gbà kí èèyàn sùn. Wọn kì í gbà kí èèyàn hun aṣọ òtútù, wọn kì í gbà kí èèyàn ka ìwé ìròyìn níwájú oníbàárà. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, mo gbọ́dọ̀ gbé tẹlifóònù sétí, kí n gbọ́ pé kò dún, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan pé kò sí láìnì, kí n kọ aago sí i, kí n sì buwọ́ lù ú. Ìwé náà kún, a gba òmíràn. Tí mo bá délé, ìyá mi á bi mí pé kí ni mo ṣe níbi iṣẹ́, n ó ní mo gbé tẹlifóònù sétí.

Àwọn oníbàárà pàápàá kò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí wa kú iṣẹ́, wọ́n á kí wa kú ìnáwó ọjọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n á béèrè ara gbogbo ilé wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè láìnì. A ó ní kò sí. Wọ́n á ní kò burú, àwọn á jókòó dè é, bí ẹni pé láìnì lọ ra nǹkan lọ́jà ni, tó ń bọ̀. Wọ́n á sì jókòó lóòótọ́. Ọ̀sán á pọ́n, wọ́n á tún wá sídìí káùńtà, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá wa tún un gbé wò." Mo máa ń gbé e wò.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a ṣe eré. Fídíò Yorùbá ti gba ilé gbogbo nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tí kò rò pé òun náà lè ṣe é. Àna ọ̀gá wa kan, tó jẹ́ díákónì ní ìjọ wọn, ní kámẹ́rà tí àbúrò wọn tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìṣílé ni wọ́n ń fi yà, láti Ìlá títí dé Ìgbájọ. Ọjọ́ Ẹtì kì í sí iṣẹ́ fún wọn. Àdéhùn wa ni pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a ó ya eré tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú ọ́fíìsì wa gan-an, nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti sú nídìí tẹlifóònù tí kò ṣiṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a ó fi hàn nínú pálọ̀ Díákónì, nítorí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. A pe eré náà ní "Kò Sí Láìnì." Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé yóò mú mi lórí yá.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn rárá. Alábàáṣiṣẹ́ mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí à ń jọ jókòó sídìí káùńtà, ni mo fún ní ipa òṣìṣẹ́ aláfojúdi tó máa ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà. Ìgbà tó bá di ibi tó yẹ kó jágbe mọ́ bàbá arúgbó, yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Má dọ̀bálẹ̀." Ó ní òun ti gbọ́. A tún un yà, ó tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní kí n jẹ́ kí òun dọ̀bálẹ̀ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn òun lè balẹ̀ láti bú bàbá náà. Ọ̀gá wa, ní tiwọn, kò gbà láti ṣe ọ̀gá tó ń sùn bí mo ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá inú eré gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì ní dandan ni kí a fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, nínú fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ogún ni àdúrà wọn ń gbà.

Ṣùgbọ́n Díákónì ló fẹ́ fi ìbínú pa mí. Òde ìnáwó ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Níbẹ̀, bí àgbà kan bá wọlé tí kámẹ́rà kò yíjú sí i, tí kò sì rí ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wo fídíò, ìjà dé nìyẹn. Ìdílé kan ní Iresi ti dá tépù ìsìnkú padà fún Díákónì rí, nítorí ojú olórí ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá wọlé, ohun yòówù tí wọn ìbáà máa yà lọ́wọ́, kámẹ́rà á fi í sílẹ̀, á lọ kí onítọ̀hún. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà, á rọra sọ̀ kalẹ̀ dé bàtà, á tún gòkè padà, á dúró díẹ̀ níbi ẹ̀rín ẹnu rẹ̀, kó tó wá rántí pé iṣẹ́ wà. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa kì í sì í tì. Ẹni tó wá béèrè láìnì ń wọlé, ẹni tó wá wòran ń wọlé. Ibi tí mo bá fi ẹ̀rín sí gan-an ni àgbà kan á ti yọjú.

Mo ní, "Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú kámẹ́rà kọ ibí yìí, mo bẹ̀ yín."

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ bàbá tó wọlé yẹn ni?"

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pálọ̀ kún ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn èèyàn gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé wọn. Bí wọ́n bá rí ojú ara wọn, wọ́n á pariwo. Àwàdà tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Láàárín gbogbo èyí, màmá kan wà tó ń ti Ire wá. Gbogbo ọjọ́ ọjà Ìlá ni wọ́n ń gun ọ̀kadà wá, wọ́n á fún mi ní bébà kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, n ó ní kò sí láìnì, wọ́n á gba bébà wọn, wọ́n á jókòó títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, wọ́n ga, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n wá ni wọ́n tó tẹ̀ mọ́ káùńtà, tí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń bá kiri fún mi. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló wà ní Èkó, nọ́ńbà ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ló wà nínú bébà. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tó ti ní ìyàwó rí, màmá kò sì fẹ́. Wọ́n dúró lójú ẹbí, wọ́n ní bó bá lọ fẹ́ ẹ, kó má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Ọmọ fẹ́ ẹ. Ọmọ kò sì wá mọ́. Ọdún mẹ́ta ti kọjá.

Mo ní, "Ẹ ò ṣe kọ lẹ́tà, mà?"

"N ò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá mi kọ ọ́ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Ẹ rán awakọ̀ Èkó sí i."

"Kó tó dé Òṣogbo, gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́."

"Ẹ lọ bá a, mà."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ẹni tí mo lé, kí n lọ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Tó bá wá ní òun ò ṣí i ńkọ́?" Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu mi ni mo fẹ́ fi gbà á padà, ní etí òun nìkan."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ láìnì ti di ọ̀rọ̀ ara mi. Tí mo bá gbé tẹlifóònù sétí tí kò dún, ó máa ń dà bíi kí n là á mọ́lẹ̀. Mo kọ ìwé méjì sí àwọn àgbà ọ̀gá wa ní Òṣogbo. Kò sí èsì.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì kan tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Nínú eré ọ̀sẹ̀ náà, ìyá àgbà kan ni yóò wọ inú yàrá kékeré onígíláàsì tí àwọn oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀, yóò máa bá tẹlifóònù tó ti kú sọ̀rọ̀, yóò sì taku pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá ìjọ tí a bá sọ ọ́ kò wá, ó ti lọ síbi òkú ní Ìgbájọ. Ọ̀gá wa kò béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn yíjú sí màmá Ire tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi màmá yìí sílẹ̀."

Màmá ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Kí ni kí n sọ?"

Ọ̀gá ní, "Ohunkóhun tó bá wá sí yín lẹ́nu, mà. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ yín lọ́hùn-ún."

Màmá wọ inú yàrá náà. Èmi ni mo ti fi okùn gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn fún kámẹ́rà kọ́ sórí ìṣó nínú ibẹ̀ láàárọ̀, nítorí pé ohùn àwọn tó wà nínú gíláàsì kò jáde dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Díákónì dojú kámẹ́rà kọ wọ́n. Màmá gbé tẹlifóònù, wọ́n ní "Hẹ́lò" bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Wọ́n ń wo kámẹ́rà, kámẹ́rà ń wò wọ́n.

Àsìkò yẹn gan-an ni olóyè kan wọlé.

Gbogbo wa dìde. Alábàáṣiṣẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀, ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Díákónì gbé kámẹ́rà kúrò lára màmá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà. Olóyè dúró kí wọ́n lè yà wọ́n dáadáa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé màmá ti yí ẹ̀yìn sí wa nínú gíláàsì, wọ́n ti fi tẹlifóònù mọ́ ẹnu, èjìká wọn sì ń mì díẹ̀díẹ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó yẹ kí n mọ̀. Wọ́n ti rí i pé ojú kámẹ́rà ti kúrò lára àwọn, wọ́n sì rò, bí èmi náà ìbá ṣe rò, pé ohun tí kámẹ́rà kò bá wò, kò lè gbà á sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, a jókòó sínú pálọ̀. Olóyè yọ sórí tẹlifíṣọ̀n, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀rín, ikùn. Ohùn màmá sì ń jáde láti abẹ́ gbogbo rẹ̀, ó mọ́ gaara:

"Èmi ìyá rẹ ni. Má gbé e sílẹ̀ o. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ kó le, wàá dúró ni. O ò dúró. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ilẹ̀kùn, mo máa ń wò ó bóyá ìwọ ni. Máa bọ̀ nílé. Mú ọkọ rẹ dání. N ò ní sọ nǹkan kan sí i. Mà á se oúnjẹ fún un."

Pálọ̀ fẹ́ wó. Lójú wọn, olóyè ló ń fi ohùn obìnrin bẹ ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń lu itan, àwọn kan ń nu omijé ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń kọ eré, kò sí èyí tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí tó bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ Díákónì pé kí wọ́n gé e kúrò. Wọ́n ní tí àwọn bá gé e, olóyè ti lọ nìyẹn, àwọn kò sì ní ẹ̀rọ tó lè yọ ohùn kó fi àwòrán sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n pa olóyè rẹ́ nínú fídíò ni? Níbo ni mo fẹ́ gbà ní ìlú yìí?" Mo lọ bá ọ̀gá wa. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, nítorí ọ̀rọ̀ màmá kì í ṣe tèmi láti sọ. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ló dùn jù. Àsìkò ọdún dé, àwọn ọmọ ìlú wálé láti Èkó, ọ̀kan nínú wọn rí fídíò náà, ó ní àwọn ará ìpàdé ọmọ Ìlá àti agbègbè rẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ wò ó. Ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ kí n tó gbọ́ pé Díákónì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún un.

Màmá kò wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Wọn kò wá ní èyí tó tún tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé Ire. Ó yẹ kí n gun ọ̀kadà lọ bẹ̀ wọ́n. N kò lọ, ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo ní n kò kọ eré mọ́. Wọ́n ń bá a lọ láìsí mi, kò sì sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì gbé àkàbà wá, wọ́n gun òpó tó wà níwájú ọ́fíìsì wa, wọ́n so nǹkan kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀, nítorí iṣẹ́ tí kò tó ogún ìṣẹ́jú! Mo gbé tẹlifóònù sétí, ó dún. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n ju bàtà lu ẹnì kan.

Lọ́jọ́ ọjà, èrò tò dé ìta. Màmá Ire wọlé, wọ́n tò bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn wọ́n, mo jáde kúrò lẹ́yìn káùńtà, mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ọmọ àbúrò ọkọ mi ló ń sín ohùn mi jẹ lójú mi. Nínú ilé mi. Àwọn ọmọ kéékèèké ti mọ̀ ọ́n sórí." Wọ́n na bébà sí mi. "Pè é."

Mo pè é. Èmi ni mo ń so àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ kan sì wà tí mo ń fi sétí láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Wọ́n pe ọmọ náà wá láti ẹ̀yìn ilé ìtajà. Màmá ní, "Èmi ni."

Ọmọ ní, "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fi fídíò kan hàn wá ní ìpàdé. Ojú olóyè ni mo rí, ohùn yín ni mo gbọ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo jáde síta." Ó mí kanlẹ̀. "Màmá, ṣé òótọ́ ni àbí eré ni?"

Màmá yíjú, wọ́n wò mí láti inú gíláàsì, wọ́n sì na ìka sí etí mi. "Bọ́ nǹkan yẹn kúrò."

Mo bọ́ ọ, mo gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin gbà fún èèyàn kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Ọ̀gá wa ń na ìka sí aago ara ògiri, mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àwọn tó tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ti dúró de láìnì fún oṣù mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n lè dúró de màmá. Ọ̀gá wá sídìí mi, wọ́n ní kí n já a. Mo ní n kò ní já a, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni kí wọ́n gbà á. N kò wo inú gíláàsì.

Nígbà tí màmá jáde, ojú wọn pọ́n, gèlè wọn sì ti wọ́. Wọ́n tún un wé níwájú gbogbo èrò, láìkánjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sídìí káùńtà.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Rárá, mà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ká bébà nọ́ńbà náà, wọ́n fi sínú ìró.

"Ó ti lóyún," ni wọ́n wí. "Ilé mi ló máa wá bí i sí. Lọ́jọ́ ìkómọ, n ò fẹ́ rí kámẹ́rà yín níbẹ̀ o."

Mo ní a kò ní gbé e wá.